Àyẹ̀wò Vox AC30 Ọdún 1965, Áńpù Onífáàfù Tí Mo Rà Ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín kì í ṣe ọjà tí ènìyàn lè wọ ṣọ́ọ̀bù lọ rà ní Òṣogbo. Mo ti wọ gbogbo ìsọ̀ ohun èlò orin tí mo mọ̀ láti Ọláìyá dé Ìgbọ̀nà, n kò sì tíì rí ọ̀kan tí ó gbé irú rẹ̀ síta. Áńpù jìtá onífáàfù ni, ẹ̀rọ tí ń mú ohùn jìtá tóbi, Vox AC30, èyí tí ilé-iṣẹ́ Jennings Musical Industries ṣe ní ìlú Dartford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí olórí ẹgbẹ́ jùjú kan rà ní Èkó ní 1965, tí ó sì ti wà nínú yàrá ìkẹ́rùsí kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun fún nǹkan bí ogójì ọdún kí n tó gbé e jáde. Mo ti ń lò ó fún oṣù mẹ́rìnlá báyìí, nílé, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní òde ìnáwó. Kí n tètè sọ èrò mi kí n má baà fi àkókò ẹnikẹ́ni ṣòfò: n kò tíì fi ọwọ́ ara mi ta jìtá gba inú ohun kan tí ohùn rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn tó báyìí rí, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní atúnrédíòṣe tí ó mọ fáàfù, tí kò sì ní iná tí ó ṣeé fọkàn tán, kò tíì ra áńpù, ẹrù ló rà.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé fáàfù fún àwọn tí a bí lẹ́yìn ìgbà rẹ̀. Ìgò kékeré ni, irú èyí tí ó wà nínú áńpù yìí kò ju ìka àárín lọ ní gígùn. Wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà ní àárín rẹ̀ tí iná ń mú pọ́n bí ẹyinná. Ooru wáyà yìí ló ń mú kí iná mànàmáná fò láti ara irin kan dé ara irin kejì nínú òfìfo ìgò náà, asẹ́ kékeré tí ó wà láàárín wọn ló sì di ẹnu ọ̀nà mú: ohùn jìtá tí kò lágbára ju ìmí lọ bá asẹ́ yẹn sọ̀rọ̀, iná ńlá tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì jó bí ohùn náà ti ní kí ó jó. John Ambrose Fleming ló kọ́kọ́ ṣe ìgò onírin méjì ní 1904, Lee de Forest ará Amẹ́ríkà sì fi asẹ́ sí i ní 1906. Nígbà tí tìráńsísítọ̀ dé ní 1947, ohun kékeré tí ń ṣe iṣẹ́ fáàfù láìní ìgò, fáàfù bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nínú rédíò díẹ̀díẹ̀, àwọn àgbà tí ó ní rédíò onífáàfù sì rántí bí wọ́n ṣe máa ń tan rédíò tí wọ́n á jókòó dè é kí ó tó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oníjìtá kò gbà kí fáàfù lọ.

AC30 jáde ní nǹkan bí 1959. Dick Denney, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ oníjìtá, ló ṣe ètò inú rẹ̀ fún Tom Jennings. Áńpù wáàtì 15 ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe, ṣùgbọ́n ariwo àwọn tí ń wòran nínú gbọ̀ngàn ti ń bò ó mọ́lẹ̀, ni wọ́n bá sọ ọ́ di wáàtì 30, wọ́n fi fáàfù EL84 mẹ́rin ti ohùn jáde, wọ́n fi fáàfù GZ34 sọ iná di ọ̀kan ṣoṣo tí kò lọ kò bọ̀, wọ́n sì fi sípíkà Celestion méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní íńṣì 12 sí iwájú. The Shadows àti The Beatles, àwọn ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Ní tiwa, ìgbà tí bàbá tí ó ni tèmi rà á jẹ́ ìgbà tí jùjú ń gbèrú gan-an: ọdún méjì ṣáájú ni I. K. Dairo gba oyè MBE, ọdún méjì lẹ́yìn náà ni King Sunny Adé, ọmọ Oǹdó tí wọ́n bí ní Òṣogbo níbí ní 1946, dá ẹgbẹ́ Green Spots sílẹ̀. Jìtá ti ń pọ̀ sí i lórí pèpéle, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní láti rí ibi tí yóò gbà sọ̀rọ̀.

Kí n tó rí èyí, mo ti kọ́kọ́ sọ owó nù. Oníṣòwò tòkunbọ̀ kan ní ìlú mìíràn fi àwòrán áńpù kan ránṣẹ́ sí mi, ó ní onífáàfù ni látòkèdélẹ̀, ìgò méjì sì ń pọ́n nínú àwòrán náà lóòótọ́. Ìgbà tí ó dé tí mo tú ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí i pé gílóòbù kékeré aláwọ̀ ọsàn ni wọ́n fi sí ìdí àwọn ìgò náà kí ó lè dà bí ẹni pé iná ń jó nínú wọn, tìráńsísítọ̀ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ gidi. N kò rí owó mi gbà padà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé áńpù tí n kò bá fi ojú ara mi rí ìdí rẹ̀, n kò rà.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń lu gángan ló sọ fún mi pé opó olórí ẹgbẹ́ kan ní ohun kan nílé tí a kọ Vox sí lára. Ìyá náà ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ó ní kí n wọlé lọ wò ó fúnra mi nítorí òun kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ó wà ní igun yàrá, wọ́n to agbada mẹ́ta àti àpò ẹ̀lùbọ́ kan lé e lórí, aṣọ àdìrẹ kan tí ó ti ṣá sì bò ó. Nígbà tí mo ká aṣọ náà kúrò, mo rí aṣọ iwájú rẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ tí ó ní àpẹẹrẹ onígun mẹ́rin, mo rí lẹ́tà aláwọ̀ wúrà mẹ́ta náà, mo rí àwọn ìdìmú awọ tí ó wà lórí rẹ̀, òórùn eruku, eku àti ẹ̀lùbọ́ sì kọlù mí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá ní ọdún tí wọ́n bí àkọ́bí òun ni ọkọ òun rà á, ìdí nìyí tí òun kò fi lè gbàgbé ọdún rẹ̀.

“Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà náírà ni kí o mú wá, ọmọ mi.”

Mo ní, “Ìyá, n kò ní í purọ́ fún yín. Bí ohun yìí bá dé Lọ́ńdọ̀nù, wọn yóò san ìlọ́po mẹ́wàá iye yẹn lé e, wọn yóò tún fi kún un.”

Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. “Ta ni yóò gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù? Ṣé èmi ni àbí ìwọ? Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú ni ó ti ń gba àyè mi.”

A parí rẹ̀ sí ₦250,000, mo san án ní ẹ̀ẹ̀mejì, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì bá wa kọ ìwé lé e. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní mo fi ojú ara mi sanwó jù, àwọn mìíràn yóò ní mo rẹ́ ìyá arúgbó jẹ. Èyí tí ó wù wọ́n ni kí wọ́n sọ. Mo sọ òtítọ́ iye rẹ̀ fún un kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.

Ohun tí ó kù díẹ̀ kí ó ba ọjà náà jẹ́ ni pé ọmọ Ìyá ti mú púlọ́ọ̀gì rẹ̀ dání, ó ní kí a tàn án wò lójú ẹsẹ̀ kí n lè mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Mo gba púlọ́ọ̀gì náà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Áńpù tí kò tíì rí iná fún ogójì ọdún kò gbọ́dọ̀ rí i lójijì. Inú rẹ̀ ní kọńdẹ́ńsà, àwọn ohun tí ń tọ́jú iná pamọ́, tí omi kan wà nínú wọn, omi náà máa ń gbẹ bí ọdún ti ń lọ, iná tí ó sì wà nínú AC30 ju 300 fólítì lọ. Bí kọńdẹ́ńsà gbígbẹ bá gba irú iná bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè bẹ́, ó sì lè fa tiransífọ́mà lọ sọ́run pẹ̀lú ara rẹ̀. Tiransífọ́mà yẹn gan-an ni ọkàn áńpù, a kò sì lè rí òmíràn rà ní ọjà wa. Nítorí náà, ohun tí mo ṣe ni pé mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo wo pátákó ilé-iṣẹ́ bóyá orúkọ Dartford wà níbẹ̀. Mo wò ó bóyá tiransífọ́mà ń rùn bí ohun tí ó ti jóná, bóyá ìda rẹ̀ ti yọ́ sílẹ̀. Mo wo sípíkà bóyá àwọn ti àtilẹ̀wá ni, àwọn aláwọ̀ búlúù, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti yọ ìyẹn tà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Eku nìkan ni ó ti jẹ ihò bí owó kọ́bọ̀ sí ara ọ̀kan.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mo fi gbé e lọ sí Òkè-Baálẹ̀, níbi tí Bàbá Onírédíò ní ìsọ̀ kékeré kan sí. N kò ní í dárúkọ wọn níhìn-ín nítorí wọn kò fẹ́ kí ènìyàn máa wá da àwọn láàmú, ṣùgbọ́n èmi kò mọ ẹlòmíràn tí mo lè fi áńpù yìí lé lọ́wọ́ ní gbogbo Òṣogbo. Ìgbà tí rédíò ṣì jẹ́ onífáàfù ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́.

“Ìwọ ọmọ yìí, o kò tàn án?”

“N kò tàn án, Bàbá.”

“O ṣeun. Ká ní o tàn án ni, ọ̀rọ̀ mìíràn ni à bá máa sọ.”

Kí wọ́n tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ fi wáyà kan tí wọ́n so résísítọ̀, ohun tí ń dín agbára iná kù, mọ́ kan ìdí gbogbo kọńdẹ́ńsà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ikú máa ń sùn síbẹ̀. Mo ní ṣebí ó ti tó ogójì ọdún tí kò ti rí iná. Wọ́n ní àṣà ọwọ́ àwọn kò mọ ogójì ọdún, pé ọjọ́ tí àwọn bá ní ti eléyìí kò léwu ni ọjọ́ tí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa yóò mú àwọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé pákó kan jáde tí wọ́n kan sọ́kẹ́ẹ̀tì àti ilé gílóòbù mọ́, wọ́n fi gílóòbù 100 wáàtì sí i, wọ́n sì so ó bẹ́ẹ̀ tí iná tí ń lọ sínú áńpù fi gbọ́dọ̀ gba inú gílóòbù náà kọjá. Bí gílóòbù bá tàn yòò tí kò wálẹ̀, a jẹ́ pé iná ti rí ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà nínú áńpù. Bí ó bá tàn tí ó sì rọra ṣú, a jẹ́ pé ara rẹ̀ yá. Wọ́n tàn án. Gílóòbù pọ́n díẹ̀, ó ṣe bí ẹni pé ó fẹ́ ṣú, àmọ́ bí GZ34 ṣe gbóná tán, ó tàn yòò mọ́ wa lójú, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Bàbá pa á láìsọ̀rọ̀, wọ́n fi ìka tọ́ ara kọńdẹ́ńsà ńlá kan wò, wọ́n sì mi orí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi retí àwọn ẹ̀yà tuntun. Bàbá pààrọ̀ gbogbo kọńdẹ́ńsà ńlá, wọ́n yọ wáyà iná àtijọ́ tí rọ́bà rẹ̀ ti ń já wúruwúru bí àkàrà àná, wọ́n fi èyí tí ó ní wáyà ilẹ̀ dípò rẹ̀, wọ́n sì kìlọ̀ fún mi pé kí n lọ ri irin ilẹ̀ sẹ́yìn ilé mi, nítorí oníjìtá tí ọwọ́ rẹ̀ wà lára wáyà jìtá, tí ètè rẹ̀ sì wà lára máìkì, ni iná máa ń kọ́kọ́ rí. Nínú fáàfù EL84 mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan ti kú: àwọ̀ fàdákà tí ó wà lórí ìgò rẹ̀ ti funfun bí wàrà, èyí tí ó fi hàn pé afẹ́fẹ́ ti wọ inú rẹ̀. A pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan, nítorí wọ́n ní láti dọ́gba. Ilé-iṣẹ́ Mullard tí ó ṣe àwọn ti àkọ́kọ́ ní Blackburn kò ṣe fáàfù mọ́. Orílẹ̀-èdè bíi Rọ́ṣíà, Slovakia àti Ṣáínà ni a ti ń rí tuntun, àwọn ti Slovakia ni mo sì rà. Àwọn fáàfù kékeré ti iwájú ṣì dára, Mullard tí wọ́n bá a wá ni mo ń lò títí di òní. Ní ti ihò eku, ìwé pẹlẹbẹ àti góòmù ni Bàbá fi lẹ̀ ẹ́, n kò sì gbọ́ ìyàtọ̀ kankan.

Nígbà tí wọ́n tún tàn án, gílóòbù tàn, ó ṣú, ó sì pọ́n díẹ̀ padà, ó dúró síbẹ̀ bí ẹyinná tí a fi eérú bò. Bàbá fi ìka gbá ẹnu wáyà jìtá. Sípíkà méjèèjì dáhùn pẹ̀lú ariwo ńlá tí ó mú kí ajá aládùúgbò gbó.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ohun kan tí kò sí nínú àyẹ̀wò àwọn òyìnbó, nítorí kò ṣe wọ́n. Nọ́ọ̀bù kan wà lára AC30 àtijọ́ tí ènìyàn fi ń yan iye iná tí ó wà ní ìlú rẹ̀, láti 115 títí dé 245 fólítì, 160 sì wà láàárín wọn. Ohun ìrọ̀rùn ni wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó ní Òṣogbo ní aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò ń lo iná, tí lóò kọ́rẹ́ńtì dé, tí gílóòbù inú ilé ń pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn. Ohùn áńpù rọ, ó di aláìlágbára. Ọwọ́ á máa yún ọ́ láti yí nọ́ọ̀bù yẹn sí 160, áńpù á sì sọjí lóòótọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, iná á padà sí 230 lójijì láìsọ fún ẹnikẹ́ni, áńpù tí a ti sọ fún pé 160 ni yóò jẹ á sì gbé odidi 230 mì. Èmi fúnra mi ti na ọwọ́ sí nọ́ọ̀bù náà lálẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó mi ló ní, “Bàbá Onírédíò kò ha ti sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn?” Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Ìyá ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó ní ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ ọkọ òun kan ṣe nìyẹn ní òde kan tí èéfín fi sọ, tí wọ́n fi gbé e wọ yàrá tí kò sì jáde mọ́. Bàbá ti fi téèpù dúdú dì í mọ́ 245 báyìí, mo sì ra sitebiláísà kan tí ń dúró láàárín áńpù àti ògiri.

Bí mo bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, owó Ìyá ₦250,000, fáàfù àti owó tí a fi kó wọn wọlé ₦165,000, kọńdẹ́ńsà àti wáyà ₦38,000, iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá ₦60,000, sitebiláísà ₦45,000, ó jẹ́ ₦558,000. Ẹni tí ó bá ń náwó fún áńpù àtijọ́ láìfi ìdajì mìíràn pamọ́ fún àtúnṣe ti ṣi ìṣirò rẹ̀ ṣe.

Ohùn rẹ̀ wá ńkọ́? Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má retí pé yóò sọ̀rọ̀ bí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnnì. Ó ń fẹ́ ìṣẹ́jú kan kí ó tó jí, mo sì máa ń fún un ní mẹ́wàá kí n tó ta ohun gidi kan, bí onígúdúgúdú ṣe máa ń yá ojú ìlù rẹ̀ sóòrùn kí ó tó lọ sí òde. Nígbà tí ó bá gbóná tán, tí mo fi ìka ta á jẹ́jẹ́, ohùn tí ó jáde mọ́ gaara, ó ń dún gooro bí agogo, wáyà kọ̀ọ̀kan dá dúró lọ́tọ̀ kódà nígbà tí mo bá ta mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀. Ohun tí jùjú ń fẹ́ gan-an nìyẹn: jìtá tẹnọ̀ ní láti la àárín ìyáàlù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti jìtá méjì mìíràn kọjá kí ó sì tún dé etí ẹni tí ó jókòó sábẹ́ ìbòòrùn tí ó jìnnà jù. Áńpù oníṣẹ́ Ṣáínà tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ pariwo jù ú lọ, ṣùgbọ́n bí mo ta jẹ́jẹ́, bí mo ta gidi, ojú kan náà ló fi ń wò mí. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá fi agbára kún ọwọ́, kò kàn ń pariwo sí i, ohùn náà á fún pọ̀, á nípọn, etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ya díẹ̀. Bí mo bá sì dẹ ọwọ́, á padà mọ́. Onídùndún tí ó ń fún ọsán ìlù rẹ̀ sábẹ́ apá mọ ohun tí mo ń sọ: ọwọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀, ohùn kàn ń dáhùn ni.

Bàbá Onírédíò ṣàlàyé ìdí kan fún mi tí mo fẹ́ràn. Ọ̀pọ̀ áńpù máa ń dá díẹ̀ padà nínú ohùn tí ó ti ń jáde, wọ́n á fi bá ara wọn wí kí wọ́n má baà ṣìwà hù. Denney kò fi irú ìbáwí bẹ́ẹ̀ sí ìparí AC30. Ohun tí oníjìtá bá ṣe, rere tàbí búburú, kò sí ẹni tí yóò bá a tún un ṣe kí ó tó dé sípíkà. Mo ti gbọ́ àṣìṣe ọwọ́ ara mi nínú oṣù mẹ́rìnlá yìí ju bí mo ti gbọ́ ọ ní ogún ọdún tí mo ti ń ta jìtá lọ, kò sì dùn mọ́ mi nínú nígbà gbogbo.

Nọ́ọ̀bù rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó lè da ènìyàn rú. Ẹnu mẹ́fà ni a lè ki wáyà jìtá bọ̀, méjì fún ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n pè ní Brilliant ni mo fi ń ta tẹnọ̀, Normal nípọn ó sì rọ̀, ó dára fún jìtá tí ń mú orin ró. Ojú ọ̀nà Vib-Trem kì í kàn ṣe ohun tí ń mú ohùn tóbi tí ó tún ń kéré nìkan, ó lè mú ohùn náà fúnra rẹ̀ gbọ̀n, kí ó gòkè kí ó sọ̀kalẹ̀ bí ti olórin tí ọ̀fun rẹ̀ ń já. Ní ti nọ́ọ̀bù Cut, òdì ló ń ṣe: bí ẹ bá yí i sí ọ̀tún, dípò kí ohùn mú sí i, ṣe ni yóò kúnú. Oṣù kan gbáko ni mo fi ń lò ó lódìlódì, tí mo ń bínú sí sípíkà tí kò ṣẹ̀ mí.

Wàhálà rẹ̀ kò kéré. Ó wúwo ju ìdajì àpò sìmẹ́ńtì lọ, ènìyàn kan kò lè gbé e gun àtẹ̀gùn kí ó sì tún lè ta jìtá lẹ́yìn náà. Ó máa ń gbóná débi pé ènìyàn lè yá ọwọ́ lórí rẹ̀, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ fara ti ògiri, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fi aṣọ bò ó nígbà tí iná bá wà nínú rẹ̀. Mo ti ní láti gba gèlè kúrò lórí rẹ̀ ní òde ìgbéyàwó kan ní Ògo-Olúwa, ẹni tí ó ni gèlè náà kò sì bá mi rẹ́rìn-ín. Nígbà ọyẹ́, eruku wọ inú àwọn nọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n sì ń dún kẹrẹkẹrẹ nígbàkígbà tí mo bá yí wọn. Wáàtì 30 tó fún ṣọ́ọ̀ṣì wa láìsí ìrànwọ́, ṣùgbọ́n ní òde ńlá tí wọ́n to sípíkà gìrìwò ka iwájú, máìkì ni mo máa ń gbé sí iwájú rẹ̀, nítorí bí mo bá yí fólúùmù rẹ̀ kọjá ìdajì, ohùn mímọ́ tí jùjú ń fẹ́ ti lọ.

Ní ti iná òde, jẹnẹrétọ̀ kékeré lè gbé e dáadáa, kò jẹ iná tó áyọ́ọ̀nù, kí ó ṣáà má jẹ́ èyí tí ohùn ẹ̀rọ rẹ̀ ń lọ sókè sódò, nítorí bí ẹ̀rọ bá ń mí, áńpù náà á máa mí. Ìńfátà olówó pọ́ọ́kú ni kí ẹ yẹra fún. Iná inú rẹ̀ kì í lọ geere bí ti ògiri, tiransífọ́mà á máa kùn húùn bí oyin, ẹ ó sì máa gbọ́ kíkùn náà nínú gbogbo orin.

Àwọn kan ti bi mí bóyá kí wọ́n ra AC30 tuntun dípò àtijọ́. Ilé-iṣẹ́ Korg ti ilẹ̀ Japan ló ni orúkọ Vox láti 1992, wọ́n sì ṣì ń ṣe AC30 onífáàfù. Ẹni tí ó ń ta jìtá jẹun lójoojúmọ́, tí kò sì ní Bàbá Onírédíò nítòsí, tuntun ni kí ó rà, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ẹni tí ó bá rí àtijọ́ nínú yàrá ẹnìkan, tí tiransífọ́mà rẹ̀ kò rùn, tí owó àtúnṣe sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó gbé e, kí ó má sì gbà kí ẹnikẹ́ni tàn án fún òun wò.

Ohun kan ṣoṣo tí n kò tíì tún ṣe lára tèmi ni ìdìmú awọ kan tí ó ti já sí ìdajì. Mo ti gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàtà méjì ní Ọjà Ọba. Ẹni àkọ́kọ́ fẹ́ fi rọ́bà táyà rọ́pò rẹ̀. Ẹnì kejì yí i sọ́tùn-ún yí i sósì, ó ní awọ gidi ni, òun ní irú rẹ̀ nílé, kí n gbé e padà wá lọ́jọ́ Ajé.